Ariwo inú sípíkà, Wi-Fi tó ń já: bí ẹ ṣe lè wá ibi tí ìdílọ́wọ́ ìgbì iná ti ń wá

Ọjọ́ Àìkú kan, mo jókòó sídìí mixer, ẹ̀rọ tí a fi ń darí ohùn, nínú ìjọ wa n'Ìbàdàn. Pásítọ̀ ní kí gbogbo wa dákẹ́ ká gbàdúrà sínú. Bí ilé ṣe pa lọ́lọ́ báyìí, sípíkà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, hùùù, bí ìgbà tí oyin bá kó sínú garawa. Mo rẹ máìkì sílẹ̀, kò lọ. Mo pa gbogbo wọn, kò lọ. Bẹ́ẹ̀, oṣù méjì ṣáájú ni ìjọ ti dáwó ra mixer tuntun nítorí ariwo yìí kan náà, wọ́n ní èyí àtijọ́ ti bàjẹ́. Nígbà tí ìsìn parí, mo ní kí wọ́n fi èmi àti àwọn wáyà sílẹ̀. Mo ń fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò lára iná, mo sì ń tẹ́tí. Ó kan ṣájà fóònù funfun kan tí ẹnì kan kì bọ ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n tí dùùrù ń lò. Mo fà á yọ, gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́. Ṣájà tí owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán ló mú kí ìjọ ra mixer.

Mixer àtijọ́ yẹn kò ṣẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe ń rí i lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn: Wi-Fi ń já, wọ́n pààrọ̀ router, kámẹ́rà ń fi ìlà sára àwòrán, wọ́n ra kámẹ́rà mìíràn. A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹ wá ibi tí ariwo ti ń jáde kí ẹ tó yọ náírà kan lápò. Ọ̀nà tí èmi ń gbà wá a ni mo kọ síbí, ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, pẹ̀lú ohun tí mo máa ń ṣe nígbà tí mo bá rí i.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ní 1831, Michael Faraday fi hàn ní Lọ́ńdọ̀nù pé bí agbára òòfà bá ń yí padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà kan, iná yóò sáré nínú wáyà náà láìjẹ́ pé ohunkóhun fara kàn án. Òun ni tiráńsífọ́mà àdúgbò wa fi ń ṣiṣẹ́. Òun náà ni ariwo ń bá wọlé. Wáyà tí iná inú rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ máa ń ju ìgbì sí àyíká. Wáyà mìíràn tó bá wà nítòsí yóò gbá a mú. Wáyà máìkì tó gùn, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, wáyà àǹtẹ́nà, etí ni gbogbo wọn jẹ́, wọ́n sì ń gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn sọ.

Ádápítà ayé àtijọ́ máa ń wúwo nítorí pé tiráńsífọ́mà onírin ló wà nínú rẹ̀. Tòde òní fúyẹ́ nítorí pé ọ̀nà mìíràn ló ń gbà ṣiṣẹ́: ó ń tan iná, ó ń pa á, ó máa ń tó ìgbà 50,000, ó sì lè ju 100,000 lọ, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Títan-pípa yẹn ló ń bí ìgbì. Ẹni tó bá ṣe ṣájà dáadáa yóò to kọ́ìlì àti kàpásítọ̀ kéékèèké sí ẹnu ọ̀nà iná kí wọ́n dá ariwo náà dúró. Ẹni tó bá fẹ́ tà á ní pọ́ọ́kú yóò yọ wọ́n kúrò. Fóònù yín á ṣì máa kún, ẹ kò ní mọ ìyàtọ̀, àfi bí rédíò tàbí sípíkà bá wà nítòsí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ gílóòbù LED, ínfátà, kọ́ntíróólà sólà (ẹ̀rọ tó ń darí iná sólà sínú bátìrì) àti ádápítà kọ̀ǹpútà rí.

Nǹkan mẹ́ta ló máa ń pé jọ kí ìdílọ́wọ́ tó ṣẹlẹ̀: ohun tó ń pariwo, ọ̀nà tí ariwo ń gbà, àti ohun tí ariwo ń yọ lẹ́nu. Bí ẹ bá mú ọ̀kan kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tán. Ọ̀nà náà lè jẹ́ inú wáyà iná, ó sì lè jẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹ gbé ohun tí ariwo ń yọ lẹ́nu sórí bátìrì kí ẹ mọ èyí tó jẹ́. Bí rédíò bá dákẹ́ nígbà tí ẹ fà á yọ kúrò lára iná, inú wáyà ni ariwo ń gbà. Bó bá ṣì ń kùn lórí bátìrì, afẹ́fẹ́ ló ń bá wá. Ẹ ṣe ìdánwò yìí ṣáájú gbogbo nǹkan, nítorí pé oògùn ti wáyà kì í ṣe oògùn ti afẹ́fẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀

Ẹ mú ìwé àti bírò. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa kọ ìgbà tí ìyọnu náà bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó dáwọ́ dúró, àti irú iná tí ẹ ń lò lásìkò náà: NEPA, jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Ní abúlé Aberhosan ní Wales, íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo abúlé ń já ní agogo méje òwúrọ̀ lójoojúmọ́ fún oṣù 18. Wọ́n pààrọ̀ wáyà tó pọ̀ níbẹ̀, kò gbọ́. Ní 2020 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Openreach, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó wáyà íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, gbé ẹ̀rọ tó ń ka ìgbì lọ síbẹ̀, wọ́n ń rìn kiri abúlé nínú òjò láti agogo mẹ́fà. Bó ṣe lu méje, ẹ̀rọ náà gbé ariwo ńlá kan jáde. Tẹlifíṣọ̀n àlòkù ni, onílé kan ló máa ń tàn án láràárọ̀. Ojú ti onílé náà gidigidi, ó sì gbà lójú ẹsẹ̀ pé òun kò ní tàn án mọ́. Agogo méje tó ń padà wá yẹn ló tú àṣírí.

Nílé tiwa, mo ti mọ díẹ̀ nínú àwọn àkókò wọ̀nyí bí ẹni mọ orúkọ. Èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ bí oòrùn bá ràn tó sì ń lọ bó bá wọ̀, kọ́ntíróólà sólà ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Èyí tó ń dé ní ìrọ̀lẹ́, gílóòbù ni, yálà tinú ilé tàbí ti ìta. Èyí tó ń wá tó ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ wo fíríìjì àti ẹ̀rọ tó ń fa omi. Èyí tó ń wá kìkì ìgbà tí NEPA bá mú iná dé, ẹ wo ínfátà tó ń gba iná sí bátìrì, kí ẹ tó wo òpó ìta.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fetí sí irú ariwo tó jẹ́

Hùùù tó nípọn, tó jókòó sábẹ́ ohùn: iná ìjọba nìyẹn, tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀rọ̀ wáyà ilẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, mo máa sọ ọ́ ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ nísàlẹ̀. Zzzz tó mú bí ayùn, gílóòbù tí wọ́n ń fi bọ́tìnì yí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè-sódò ni, tàbí ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí ìgbì iná rẹ̀ kò rí roboto bíi ti NEPA. Bí fáànù bá ń kùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tí ẹ bá bọ́ sórí ínfátà, ẹ ti rí ẹ̀rí rẹ̀. Ta-ta-ta tó ń yá bí ẹ́ńjìnnì bá ń yá, plọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì ni, èyí tó ń tanná sí epo. Fíìì tó ń gòkè bí ẹ bá tẹ gáàsì mọ́tò, ọtanétọ̀ ni.

Tẹ-tẹ-tẹ-tẹ tó máa ń dún nínú sípíkà kí ìpè tó wọlé, fóònù tó wà lórí 2G ni. Fóònù 2G kì í rán ohùn láìdánudúró. Wàrà-wàrà ló ń jù ú, nǹkan bí ìgbà 217 ní ìṣẹ́jú àáyá, ìjù-ìjù yẹn gan-an ni etí wa ń gbọ́. Ẹ yí fóònù sí 4G, tàbí kí ẹ gbé e jìnnà sí wáyà máìkì ní mítà kan sí méjì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ pa gbogbo ilé

Ẹ wá rédíò kékeré tó ń lo bátìrì, tó sì ní AM. Mi ò tíì rí irinṣẹ́ tí mo lè fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ yí i lọ sísàlẹ̀, ní agbègbè 530 sí 600 kHz, níbi tí kò sí iléeṣẹ́ kankan, kí ẹ máa gbọ́ ṣííí lásán. FM kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, nítorí ọ̀nà tí FM ń gbà gbé ohùn mú kó fo ọ̀pọ̀ irú ariwo bẹ́ẹ̀ dá.

Kí ẹ tó pa iná, ẹ sọ fún àwọn ará ilé. Ẹ pa kọ̀ǹpútà bó ti yẹ. Bí ẹnì kan bá ń lo ẹ̀rọ ìtọ́jú ara nínú ilé, ẹ má fọwọ́ kan iná rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ bíréékà ńlá sílẹ̀, ẹ pa ínfátà, ẹ sì yọ UPS, torí pé àwọn méjèèjì yìí á máa ṣiṣẹ́ lọ lórí bátìrì tiwọn tí ẹ bá gbàgbé wọn. Ẹ wá fetí sí rédíò.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ohun tí mo sábà máa ń rí ni pé ariwo á kú fin-ín bí ilé ṣe kú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé bíréékà kéékèèké sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa dúró díẹ̀ láàárín. Èyí tí ariwo bá bá dé, orí wáyà rẹ̀ ni ohun tí ẹ ń wá wà. Ẹ wá lọ sí yàrá tí bíréékà náà ń gbé iná fún, kí ẹ máa yọ nǹkan kọ̀ọ̀kan lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ yọ ọ́ o. Kì í ṣe kí ẹ pa á nìkan. Ṣájà tí kò sí fóònù lẹ́nu rẹ̀ ṣì lè máa pariwo, tẹlifíṣọ̀n tí ẹ fi rìmóòtù pa náà sì ń gba iná.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gbé rédíò rìn

Bí ilé bá kú tí ariwo kò kú, ìta ló wà, rédíò náà ló sì máa mú yín débẹ̀. Nínú rédíò AM, ọ̀pá dúdú kan wà tí wọ́n yí wáyà tín-ín-rín mọ́, tó sábà máa ń sùn ní gígùn rédíò náà. Ọ̀pá yìí ni àǹtẹ́nà rẹ̀. Ó ń gbọ́ dáadáa láti ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ di sí ohun tó bá wà ní orí rẹ̀ méjèèjì. Ẹ di rédíò mú ní ìbú níwájú àyà, kí ẹ máa yípo díẹ̀ díẹ̀. Níbi tí ariwo ti rẹlẹ̀ jù, ẹ dúró: orí rédíò kan ló kọjú sí ohun tí ẹ ń wá. Ẹ kò tíì mọ̀ bóyá apá ọ̀tún ni tàbí apá òsì, nítorí náà ẹ lọ dúró síbòmíràn, bí ogún mítà sí i, kí ẹ tún ṣe é. Ibi tí ìlà méjèèjì bá ti pàdé ni kí ẹ máa lọ.

Ohun kan wà tó máa ń tan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ jẹ. Ariwo máa ń gun wáyà iná òpó, ó sì lè rin ìrìn àjò gígùn lórí rẹ̀, tó fi jẹ́ pé rédíò á máa pariwo lábẹ́ gbogbo wáyà àdúgbò. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dín ohùn rédíò kù, kí ẹ sì máa wá ibi tó ti le jù. Ẹ má gun òpó, ẹ má sì gbá òpó láti wò ó bóyá ariwo á yí padà. Ẹ kọ nọ́ńbà òpó náà sílẹ̀ kí ẹ fún iléeṣẹ́ iná.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ tọ́jú rẹ̀ níbi tó ti ń jáde

Bó bá jẹ́ ṣájà tàbí gílóòbù olówó kékeré, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kò yẹ ní àtúnṣe.

Bó bá jẹ́ ohun tó wọ́n, fẹ́ráìtì ló kàn. Ẹ ti rí i rí: kókó dúdú roboto tó wà lára wáyà ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká, nítòsí ẹnu rẹ̀. Iná tí ẹ nílò á gba àárín rẹ̀ kọjá, ìgbì tó ń gbọ̀n kíákíá á kọsẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó ń ṣí tó sì ń pa dé mọ́ra wà lọ́jà, ẹ kò ní láti gé wáyà kankan. Ẹ fi sí ibi tó sún mọ́ ohun tó ń pariwo jù, kí ẹ sì yí wáyà gba inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí àyè bá wà. Ìyípo mẹ́ta kì í ṣe ìlọ́po mẹ́ta o, agbára rẹ̀ máa ń tó ìlọ́po 9. Mo rí àwọn tó ra fẹ́ráìtì mẹ́fà tí wọ́n tò ó sára wáyà bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹyọ kan tí wáyà yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta ju gbogbo wọn lọ.

Fún sólà, ẹ lọ́ wáyà àmì kíkún (+) àti ti àmì àyọkúrò (−) láti páánẹ́ẹ̀lì pọ̀ mọ́ra wọn bí ìgbà tí a bá lọ́ okùn. Bí wọ́n bá gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí òrùlé, àǹtẹ́nà ńlá ni ẹ ti fi sórí ilé yẹn. Ẹ jẹ́ kí wáyà láti bátìrì sí ínfátà kúrú.

Kí n sọ ti wáyà ilẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní áàtì. Púpọ̀ nínú ohun tó ń sẹ́ ariwo nínú ẹ̀rọ máa ń da ariwo náà sínú wáyà ilẹ̀. Bí kò bá sí wáyà ilẹ̀ tòótọ́, ibo ni kó dà á sí? Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí mo dé, ẹsẹ̀ kẹta sọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ fún ẹwà ni, kò so mọ́ ohunkóhun. Nínú àwọn mìíràn, ọ̀pá ilẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ti mú ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, ọyẹ́ sì ti parí rẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná dáadáa. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ fi ẹ̀rọ wọn agbára rẹ̀, kó sì tọ́jú ihò rẹ̀. Èyí ju ọ̀rọ̀ ariwo lọ, ẹ̀mí wà nínú rẹ̀.

Fún ẹni tó ń ṣètò ohùn

Ibí yìí ni mo ti máa ń rí wàhálà jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀. Mixer wà lẹ́yìn ìjọ, ó ń gba iná lára ògiri ẹ̀yìn. Áńpù wà nítòsí pẹpẹ, ó ń gba iná lára ògiri iwájú. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ní wáyà ilẹ̀ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà la fa wáyà ohùn láti ọ̀kan dé èkejì, wáyà ohùn yìí sì ní aṣọ irin lára tó tún so ilẹ̀ méjèèjì pọ̀. Àwọn ilẹ̀ méjèèjì kì í dọ́gba tán; ìyàtọ̀ kékeré á wà láàárín wọn, iná kékeré á sì máa ti ara aṣọ irin náà lọ láti ilẹ̀ kan dé èkejì. Iná yẹn ni hùùù tí ẹ ń gbọ́. Ẹ̀rọ kankan kò bàjẹ́ níbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀ ló ṣe òrùka.

Oògùn àkọ́kọ́ kò ná yín ní kọ́bọ̀: ẹ gbé iná mixer, áńpù, dùùrù àti kọ̀ǹpútà láti orí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, pẹ̀lú ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n tó lágbára tó. Ilẹ̀ kan, òrùka kò sí mọ́.

Oògùn kejì ni wáyà XLR, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ kìíní ni aṣọ irin, ẹsẹ̀ kejì àti ìkẹta gbé ohùn kan náà ní òdìkejì ara wọn. Ariwo tó bá wọlé lójú ọ̀nà á wọ inú méjèèjì bákan náà. Nígbà tí mixer bá yọ ọ̀kan lára èkejì, ariwo á pa ara rẹ̀, ohùn á sì kù. Ìdí nìyí tí wáyà máìkì tó gùn ní mítà 30 fi lè dákẹ́, nígbà tí wáyà dùùrù tó jẹ́ mítà mẹ́fà péré ń kùn: ti dùùrù kì í ṣe irú èyí. Fún dùùrù, gìtá àti kọ̀ǹpútà, ẹ ra DI box, àpótí kékeré tó ń yí ohùn wọn padà sí irú ti XLR. Bọ́tìnì kan wà lára rẹ̀ tó ń gé ilẹ̀ wáyà ohùn nìkan, láìfọwọ́ kan ilẹ̀ iná. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ gbọ́.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni gígé ẹsẹ̀ ilẹ̀ kúrò lára púlọ́ọ̀gì. Mo ti rí i rí, àwọn ènìyàn á ní ó ń ṣiṣẹ́, hùùù náà á sì lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí iná bá jò nínú áńpù yẹn, ara máìkì ló máa gbà jáde, ẹnu akọrin ló sì wà níbẹ̀. Mi ò lè dákẹ́ lórí èyí.

Ẹ má ká wáyà ohùn pọ̀ mọ́ wáyà iná. Bí wọ́n bá ní láti pàdé, kí wọ́n dá ara wọn kọjá bí àgbélébùú, kí wọ́n má sùn ti ara wọn.

Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì àti kámẹ́rà

Ẹ bó wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Cat 5e, ẹ ó rí okùn mẹ́jọ tí wọ́n lọ́ ní méjì-méjì. Lílọ́ yẹn ni ààbò rẹ̀, ọgbọ́n XLR yẹn kan náà ni. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń fi orí sí i, ẹ má tú lílọ́ náà ju mílímítà 13 lọ. Mo rí iṣẹ́ àwọn kan tí wọ́n tú u tó ìka méjì kó lè rọrùn fún wọn láti tò. Ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí wáyà iná, ìwọ̀n 20 sí 30 sẹ̀ńtímítà. Kí ẹ sì yẹra fún wáyà tí a fi bàbà bo alumíníọ̀mù lójú. Bàbà gidi ni kó jẹ́ délẹ̀.

Láti ilé kan sí èkejì nínú ọgbà, mo fara mọ́ fáíbà. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀, ariwo iná kankan kò ràn án, mànàmáná kò sì lè gba inú rẹ̀ wọlé. Bí kámẹ́rà olówáyà bá ń fi ìlà rìn sókè lójú àwòrán, hùùù inú sípíkà nìyẹn, ojú ló fi ń hàn lọ́tẹ̀ yìí. Oògùn kan náà ni.

Wi-Fi

Ojú ìgbì 2.4 GHz ti kún bí ọjà Bódìjà lọ́jọ́ ọdún. Máíkírówéfù ilé ìdáná ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí 2.45 GHz, Bluetooth wà níbẹ̀, gbogbo router àdúgbò wà níbẹ̀. Ẹ fi áàpù tó ń wo Wi-Fi sórí fóònù, kí ẹ wo ikànnì tí àwọn aládùúgbò wà. Nínú àwọn ikànnì náà, 1, 6 àti 11 ni kì í gun ara wọn lẹ́yìn. Ẹ mú èyí tó ṣófo jù nínú mẹ́ta yìí. Ẹ má mú 3 tàbí 4 torí pé kò sẹ́ni níbẹ̀, ìhà méjèèjì ni wọn yóò ti máa tì yín. Ohun tó bá lè lo 5 GHz, ẹ gbé e lọ síbẹ̀.

Ní ibi awò ìwòràwọ̀ Parkes ní Ọsirélíà, láti 1998 ni wọ́n ti ń gba ìró kan tí wọ́n kò mọ ibi tó ti wá, tó jọ ohun tó ń ti ojú ọ̀run wá. Ní 2015 ni wọ́n rí i: àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣí ilẹ̀kùn máíkírówéfù kó tó parí iṣẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kó dáwọ́ dúró kí ẹ tó ṣí i. Bí Wi-Fi yín bá ń kú nígbàkigbà tí wọ́n bá ń gbé oúnjẹ kaná, ẹ gbé router kúrò nítòsí ilé ìdáná. Ẹ má tú máíkírówéfù fúnra yín; iná tó lè pa ènìyàn máa ń kù sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri.

Ọ̀kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. USB 3.0 máa ń ju ariwo sí ojú 2.4 GHz, Intel kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 2012. Bí màúsì aláìlówáyà bá ń fà lẹ́sẹ̀ nígbà tí ẹ bá ki háádì díísìkì bọ kọ̀ǹpútà, màúsì kò kú. Ẹ fi wáyà USB kúkúrú gbé ọmọ màúsì náà, ohun kékeré tí ẹ kì bọ kọ̀ǹpútà fún un, jìnnà sí háádì díísìkì.

Jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀kadà

Plọ́ọ̀gì ń tanná ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá yí, irú títanná bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń rán ìgbì rédíò láyé. Ẹ wo nọ́ńbà ara plọ́ọ̀gì. Nínú plọ́ọ̀gì iléeṣẹ́ NGK, BP6HS kò ní ohun tó ń pa ariwo. BPR6HS ní in, lẹ́tà R yẹn ni àmì rẹ̀. Ẹ béèrè èyí tó ní R lọ́wọ́ oníspéàpáàtì. Ìyàtọ̀ owó wọn kéré.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ìlera

Ẹni tí dókítà fi ẹ̀rọ tó ń darí ọkàn sí láyà kò gbọdọ̀ gbé fóònù sápò àyà. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ní kí fóònù jìnnà sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 15 ó kéré tán, nítorí pé òòfà inú àwọn fóònù tuntun lè yí ìṣesí ẹ̀rọ náà padà. Bí bàbá tàbí ìyá yín bá ní in, ẹ bá wọn yí àpò padà lónìí.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà láti fi fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù wọlé. Irú rẹ̀ tí kò dára lè bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo padà sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ìpè gbogbo àdúgbò máa já. NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i kí ẹ tó lò ó.

Bó bá jẹ́ ilé aládùúgbò

Ní ọdún kan, rédíò mi ń kùn láti bí agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo pa ilé, kò kú. Mo yí rédíò níwájú àyà lójú títì, orí rẹ̀ ń tọ́ka sí ilé bàbá àgbà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sólà sórí òrùlé. Mi ò lọ sọ fún wọn pé sólà yín ń dà mí láàmú. Mo gbé rédíò dání lọ ní ọjọ́ Sátidé, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ nǹkan kan." Wọ́n gbé e sétí. Wọ́n ní, "Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n gbọ́ ìròyìn mọ́ látọjọ́ yìí! Mo rò pé rédíò mi ló ti gbó." A jọ lọ sídìí kọ́ntíróólà. Bàbá rẹ bíréékà rẹ̀ sílẹ̀ fúnra wọn, ariwo kú. Wọ́n gbé e sókè, ó dé. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin tó bá wọn ṣe sólà. Wáyà àmì kíkún gba apá kan òrùlé, ti àyọkúrò gba apá kejì. Ọmọ náà tò wọ́n pọ̀, ó lọ́ wọn mọ́ra, a fi fẹ́ráìtì méjì sí ẹnu kọ́ntíróólà, a sì yí wáyà gba inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí agogo mẹ́rin lù, bàbá tan rédíò wọn láti gbọ́ ìròyìn.